Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Rẹ Fi Sínú Bọ́tìnì

Ilé Tíṣà Mákindé,
Ṣakí.
Oṣù Kẹfà, ọdún 1987.

Mọ́ládé ọmọ mi, Àníkẹ́,

Mo kí ọ, mo kí Adétúnjí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó ṣì wà nínú rẹ tí o rò pé mi ò rí nígbà tí ẹ wá ní Àjíǹde. Ṣé ara gbogbo yín le? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn ní Èkó yẹn? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa ní Ṣakí níbí kò ní gbàgbé yín lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ yín, ọ̀nà tí ẹ bá gbà jáde láàárọ̀ ni ẹ ó gbà wọlé nírọ̀lẹ́, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ yóò sì dùn ún gbọ́. Àmín.

Lẹ́tà yìí gùn, ṣùgbọ́n kí àyà rẹ má já, kì í ṣe lẹ́tà ọ̀fọ̀. Bàbá rẹ jẹun lónìí, wọ́n jẹ ẹ̀kọ, wọ́n tún jẹ mọ́ínmọ́ín díẹ̀. Òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbí, ẹ̀fúùfù ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, Ládòkun àbúrò bàbá rẹ sì ti bá wa kàn án padà. Ewúrẹ́ dúdú bí, ó bí abo méjì. Ìjọ wa ti gba pásítọ̀ tuntun, ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀m̀pútà tí ẹ gbé wá gan-an ló jẹ́ kí n gbé bírò. Ó yẹ kí o gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu mi, kí ẹlòmíràn má lọ fi ọ̀nà mìíràn sọ ọ́ fún ọ pé a ti bà á jẹ́. A kò bà á jẹ́. Bàbá rẹ ló tún un ṣe.

O mọ bí wọ́n ṣe wà láti ìparí òjò èṣí tí rọpárọsẹ̀ ti dá wọn dúbúlẹ̀, tí ọwọ́ ọ̀tún kú, tí ahọ́n sì wúwo. Ẹni tó fi ohùn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé títí ó fi fẹ̀yìn tì, “ha” nìkan ló kù tí ń jáde lẹ́nu wọn. Nígbà tí ẹ dé ní Àjíǹde, tí ẹ so ẹ̀rọ yẹn mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí o jókòó tì í, tí ò ń tẹ̀ ẹ́ ko-ko-ko, tí o ní ò ń fi ọ̀rọ̀ sínú àwọn bọ́tìnì pupa orí rẹ̀, mo ń wò ọ́ lásán ni. Ìgbà tí o wá ní kí bàbá rẹ fi ìka òsì tẹ ẹyọ kan ṣoṣo, tí E JOWO E FUN MI NI OMI jáde gbàràgàdà lójú tẹlifíṣọ̀n, mo bú sẹ́kún. O ge bébà pélébé-pélébé, o lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn kí a lè dá wọn mọ̀: omi, oúnjẹ, ìtọ̀, oorun, ooru ń mú mi, ó ń dùn mí, ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. Mo ní ọmọ mi ti dá ẹnu padà fún bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo ń ṣọ́ àwọn bọ́tìnì náà bí ẹni ń ṣọ́ epo nínú ìgò. Èrò mi ni pé ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ni o rọ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti pé bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, yóò gbẹ. Nítorí náà, bí bàbá rẹ bá ti tẹ ti omi láàárọ̀, mo máa ń gbé odidi jọ́ọ̀gì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí wọ́n má baà tún tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ti ẹ ṣé, mo ní kí wọ́n máa mi orí sí èmi, kí a tọ́jú ti inú bọ́tìnì de àlejò. Àwáwù aránṣọ, tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa, wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó na ìka, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò, mo gbá a lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Ó bínú díẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn òǹgbẹ ń gbẹ èmi alára. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò lè dìde, mo bá tẹ bọ́tìnì omi, mo sì jókòó. Ó kọ ọ́ gaara pé E JOWO E FUN MI NI OMI. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́ni tó gbé omi wá. Mo ní bóyá ó fẹ́ mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ní èmi Ìyá Mọ́ládé ni. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, èjìká bàbá rẹ ń mì. Mo rò pé àìsàn ti tún dé. Àṣé ẹ̀rín ni, Mọ́ládé. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú. Mo tún bọ́tìnì náà tẹ̀, nítorí ẹ̀rín yẹn.

Èyí tó kàn kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Mo gbà lọ́kàn mi pé ohun tí bàbá rẹ bá tẹ̀ ní Ṣakí, ìwọ ń rí i ní Èkó. Ṣebí ìwọ lo fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀, mo rò pé ìdí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, bíi tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọjọ́ kan wá dé tí èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Wọ́n tẹ ó ń dùn mí, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀. Mo fi òrí ra wọ́n léjìká, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, Mọ́ládé ti gbọ́, ó ti ń bọ̀ lọ́nà. Mo gbá yàrá rẹ. Mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo mọ́tò tó bá ti apá Ìsẹ́yìn wọ̀lú ni mò ń nàgà wò. Ibẹ̀ ni Sístà Florence ti bá mi. O rántí rẹ̀, nọ́ọ̀sì ọmọ Adó-Àwáyè tó ń kọrin ní ìjọ wa, òun ló máa ń yà wá bá bàbá rẹ fọwọ́ ra apá wọn, tó sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ó bi mí pé ta ni mò ń retí, mo sọ fún un. Ó wá rọra ní, Màmá, ọ̀rọ̀ yẹn kì í jáde kúrò nínú yàrá, ẹni tó bá wà níwájú tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń rí i. Mo gbé àga mi wọlé. Mi ò bínú sí ọ o, mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ti kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ti ẹ̀rọ náà tún wà níbẹ̀. O ti kìlọ̀ fún wa pé bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ inú bọ́tìnì yóò bá iná lọ, kásẹ́ẹ̀tì ni yóò sì kó wọn padà wá. Mo gbàgbé pé ẹ̀rọ yín nìkan ló ń gbọ́ ọ. Mo tì í bọ inú rédíò, mo ní bóyá ohùn rẹ ni máa gbọ́. Mọ́ládé, ó ké! Ó ké bí ìgbà tí irin bá ṣèèṣì wọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Àwáwù sáré wọlé, ó ní àfi kí a gbàdúrà sí nǹkan yìí. A kúnlẹ̀, èmi ń gbà á lórúkọ Jésù, òun ń ṣe bìsìmílà, bẹ́ẹ̀ ni Florence ṣe bá wa. Ó ní ohùn àwọn ọ̀rọ̀ tí o fi sínú bọ́tìnì ni a ń lé jáde nílé yẹn. Mo bẹ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo fi aṣọ nù ún, mo dá a padà sínú páálí rẹ̀.

Ṣé o ti rí i pé mi ò kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ yín dáadáa. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ń kọ́ ọ. Florence a máa mú ìwé kékeré òyìnbó tí ẹ fi tì í, a máa kà á, a sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kà á dé ibi tí wọ́n ní ẹni tó bá wù ú lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú bọ́tìnì kan, kó sì fi èyí tó bá ìwúlò tirẹ̀ mu rọ́pò. Bàbá rẹ fi ọwọ́ òsì gbá bẹ́ẹ̀dì pàù. Wọ́n na ọwọ́ sí ìwé náà. Florence gbé e sí wọn lójú, wọ́n kà á fúnra wọn, tíṣà ni wọ́n, wọ́n kò gbàgbé òyìnbó. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, lẹ́tà kan, wọ́n á sinmi, lẹ́tà kan, wọ́n á sinmi. Òógùn bò wọ́n. Nígbà tí mo rí i pé ooru ń mú mi ni wọ́n fẹ́ yọ, mo pariwo. Mo ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi owó àti ìmọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò yẹ kí a kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Mo bi Florence pé níbo ni ooru náà máa lọ. Ó ní kò níbi tí ń lọ. Bàbá rẹ wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tó bá pẹ́ dé ilé-ìwé, mo bá lọ jókòó.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohun tí a rí ni: OKO MI DA.

O mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Èmi kà á ní ọkọ́. Mo sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo gbé ọkọ́ wọn, mo họ ìpẹtà rẹ̀, mo gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n mi orí pé rárá, wọ́n tún un tẹ̀. Àwáwù dé, mo ní kó bá mi wò ó, ó kà á ní ọkọ mi dà, ó ní ìbéèrè tó yẹ kí èmi máa bi ni, ẹ̀rọ ló ṣi ẹni mú. Ládòkun náà dé nírọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí ara bàbá rẹ ti kọ iṣẹ́ ni àbúrò wọn yìí ti ń fi mọ́tò Pijó wọn kó èrò lọ sí Ìlúà, kò tọrọ gááfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe rí OKO MI DA lójú tẹlifíṣọ̀n, ojú rẹ̀ yí padà. Kò jókòó. Nígbà tí a jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Pijó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti bu epo sí i. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé bàbá rẹ láyà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ẹnì kan kò bi í. Bàbá rẹ gbọ́ ọ títí. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n sì tún tẹ OKO MI DA.

Ìgbà náà ni Florence fi ẹnu sí mi létí, ó ní, Màmá, ṣé kì í ṣe oko ni Bàbá ń béèrè?

Mo jókòó sórí àpótí.

Mọ́ládé, ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwọ náà kò mọ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, iná gba inú igbó wá láti apá Ìrawọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e, ó sì jó oko kajú bàbá rẹ. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan o. Gbogbo kajú tí wọ́n ti ń gbìn láti ọdún tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gbé omi lọ bu sí lẹ́sẹ̀ bí ẹní ń tọ́ ọmọ, tí o máa ń fi ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù yín lọ. Ràmọ́nì, Bàbá Sàrátù, tí oko rẹ̀ àti tiwa jọ pààlà, ló sáré wá sọ fún wa, irun ojú rẹ̀ ti jó dànù níbi tó ti ń fi ewé pa iná. A kó ara wa jọ ní pálọ̀, a ní bàbá rẹ kò gbọdọ̀ gbọ́. Ládòkun ní bí wọ́n bá gbọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn á tún ru, ó sì lè jẹ́ òpin rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwọ bi mí ní Àjíǹde pé oko ńkọ́, mo ní oko wà. Ilẹ̀ náà ṣáà wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ kò yé tẹ bọ́tìnì yẹn. Àlejò tó bá wọlé, kó tó jókòó, wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ fún un. Diákónì wá gbàdúrà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún un, diákónì ṣe àmín sí i. Ládòkun wá pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí n yọ wáyà ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri, kí n ní Nẹ́pà ló mú iná. Mo lọ, mo di wáyà náà mú. Mo gbójú sókè, bàbá rẹ ń wò mí. Mo fi ọwọ́ nu eruku ara wáyà, mo sì kúrò níbẹ̀. Ládòkun bẹ Florence pé kó bá òun yọ ọ̀rọ̀ náà, kó dá ooru padà sípò rẹ̀. Florence ní òun kò ní yọ ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà fi òógùn tẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Ràmọ́nì wá kí wọn. Láti ìgbà iná yẹn, ó máa ń dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn ni, á kí wọn, á lọ, kó má baà jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni wọ́n á ti rí i. Lọ́jọ́ yẹn bàbá rẹ fi ọwọ́ pè é, wọ́n mú un jókòó sí eteetí bẹ́ẹ̀dì. Èmi, Ládòkun àti Florence wà níbẹ̀. Bàbá rẹ tẹ bọ́tìnì. O mọ̀ pé Ràmọ́nì kò ka ìwé tiwa yìí, ti Lárúbáwá ló mọ̀. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó ní, Ìyá Mọ́ládé, kí ni Tíṣà ń sọ? Ẹ kà á fún mi.

Ẹ̀rọ kò fi àmì sí i, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ kà á sókè, ẹnu mi gbọ́dọ̀ fi sí i. Mo dúró. Ládòkun ń mi orí sí mi láti ẹ̀yìn. Mo wo bàbá rẹ. Ojú kan náà tí wọ́n fi wò mí lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ mi nílé bàbá mi ni wọ́n fi ń wò mí, tí wọ́n ń dúró kí n dá wọn lóhùn. Mo ní, wọ́n ní, oko mi dà?

Wọ́n di ojú, wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Omi jáde lójú kan.

Ràmọ́nì di ọwọ́ wọn mú. Kò wá ọ̀rọ̀ rírọ̀ kankan. Ó ní, Tíṣà, iná mú un nígbà ọyẹ́. Ó ní, mo sa gbogbo ipá mi, agbára iná náà ju tèmi lọ. Ládòkun ké pé, ẹ ti pa ẹ̀gbọ́n mi. Florence ti ń di ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ wọn lápá. Ó wọ̀n ọ́n, ó wò ó, ó tún un wọ̀n nítorí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́, ó ní, ó fúyẹ́ ju tàná lọ. Bàbá rẹ ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ Pijó jáde, wọ́n nà án sí Ládòkun.

A gbé wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Florence jókòó tì wọ́n lẹ́yìn mọ́tò, èmi wà níwájú, Ràmọ́nì ti gun kẹ̀kẹ́ ṣáájú. Nígbà tí a yà kúrò lójú títì, mi ò lè wo iwájú. Igi kajú dúdú kirikiri, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n láàárín wọn, àgbàdo ti wà lórí ilẹ̀, ó ti dé orúnkún ènìyàn, ẹ̀gúsí ń fà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ràmọ́nì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ti ro oko náà, tí wọ́n sì gbìn ín nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Kò sọ fún mi. Mo bi í pé èé ṣe, ó ní ta ni òun ì bá sọ fún, nígbà tí a ti fòfin de ọ̀rọ̀ oko nílé wa.

A gbé àga bàbá rẹ sílẹ̀ láàárín oko. A kò gbé ẹ̀rọ lọ, kò síná níbẹ̀, nítorí náà kò sí bọ́tìnì tí wọ́n lè tẹ̀. Gbogbo wa ń wo ẹnu wọn. Wọ́n wo igi kan títí, wọ́n wo èkejì. Wọ́n fi ọwọ́ júwe ìdí igi tó wà nítòsí. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo rí i pé ewé tútù ti ń rú jáde láti ìsàlẹ̀ kùkùté, ó pupa rúsúrúsú. Ẹ̀kún gbọ̀n mí. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé mi lórí gèlè. Lẹ́yìn náà wọ́n fa Ràmọ́nì mọ́ra, àwọn méjèèjì jọ di ara wọn mú, ìró ẹyẹ nìkan ni à ń gbọ́.

A délé, Nẹ́pà ti mú iná. Ìgbà tí iná dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ sún mọ́ àwọn. Wọ́n tẹ èyí, Florence sì bá mi dà á kọ kí n lè fi ránṣẹ́ sí ọ: MO TI MO TELE. EEFIN WOLE BA MI LOJO NAA. MO GBO OORUN KAJU TO N JO. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ní. Fèrèsé wọn kọjú sí apá ibẹ̀, gbogbo ohun tí a sì ń sọ ní ohùn jẹ́jẹ́ ní pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ, nítorí ahọ́n ló kú, etí kò kú. Wọ́n ń retí pé ẹnì kan nínú wa yóò wá sọ fún wọn bí a ṣe ń sọ nǹkan fún baálé ilé. Nígbà tí a kò sọ, wọ́n béèrè. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìpàdé kankan ní pálọ̀ wa mọ́. Inú yàrá wọn ni a ti ń sọ gbogbo rẹ̀.

Ní báyìí wọ́n ti tú bọ́tìnì rẹ tó pọ̀ palẹ̀. Má bínú. Omi ṣì wà, ìtọ̀ ṣì wà. Wọ́n yọ oorun, wọ́n fi RAMONI KI LO KU NI OKO síbẹ̀. Wọ́n yọ oúnjẹ, nítorí mi ò jẹ́ kí ebi pa wọ́n rí, wọ́n fi LADOKUN MOTO NKO síbẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé. Òmíràn wà tó ní E PA REDIO YEN, Àwáwù nìyẹn ń bá wí. Ọkùnrin tí mo fẹ́ ti padà wá sílé, Mọ́ládé, pẹ̀lú ìbínú rẹ̀ àti ìyọlẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ ó ń dùn mí, Florence lọ́ tìkọ̀, ó ní, Bàbá, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bí ó bá ń dùn yín? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún un pé, E O RI I LOJU MI. Florence jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó pẹ́ kó tó padà wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun wọ̀nyí kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá lọ, wọ́n kú, bí Florence bá sì fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, tìrẹ ló ń padà wá, ti ooru àti ti oorun. Ojoojúmọ́ ni bàbá rẹ tún ń fi ìka kan tẹ̀ wọ́n síbẹ̀, wọn kì í ráhùn. Kí Adétúnjí bá wa kọ ọ́ ní Yorùbá, kó má fi òyìnbó sí i, bí a ṣe ń mú ọ̀rọ̀ bàbá rẹ wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá ṣe é kọ, ẹ wá. Bí ọwọ́ yín bá sì gbà á, ẹ bá mi fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún kẹrosíìnì àti síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ, ohun tí ọwọ́ yín bá ká ni, ẹ má lọ yá o.

Ọlọ́run yóò tọ́jú ìwọ àti ọkọ rẹ àti ohun tí o gbé sínú. Ọmọ tìrẹ náà yóò ro tìrẹ. Ọjọ́ tí ó bá ṣòro fún ọ láti sọ̀rọ̀, ẹni tí yóò gbọ́ ọ kò ní jìnnà sí ọ. Ohùn ayọ̀ ni a ó máa gbọ́ láti Èkó. Ràmọ́nì kí ọ, Florence kí ọ, Ládòkun ní òun kí ọ gidigidi.

Ó wù mí kí n tún sọ ti ìgbéyàwó Sàrátù fún ọ, ṣùgbọ́n bọ́tìnì tí wọ́n ti yọ ó ń dùn mí kúrò ni bàbá rẹ ń tẹ̀ láti àárọ̀ yìí. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, mo ń kọ̀wé mi lọ. Wọ́n tún ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti kún ojú tẹlifíṣọ̀n láti òkè dé ìsàlẹ̀: IYA MOLADE LO SINMI. IYA MOLADE LO SINMI. Jẹ́ kí n lọ fẹ̀yìn lélẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.